Eyín Mẹ́fà

Láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ́, o kò sọ̀rọ̀.
O fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀.
Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo bá ọ bẹ̀:
kòtò, rọra, ọmọ ọdún márùn-ún ló wà lórí itan mi.

Wọ́n ní kí o má jẹun láti alẹ́ àná.
Ìwọ tí o ti ń sá fún oúnjẹ láti ìgbà iṣu tuntun,
àárọ̀ òní gan-an lo bèèrè ẹ̀kọ.

Ìpinlayé, èmi ni mo fà á.
Ṣúgà tí mo ń dà sínú gààrí kí o lè dákẹ́,
kí n lè ṣa kajú tán kí oníbàárà tó dé;
súìtì tí mo fi ń ra ẹkún lọ́wọ́ rẹ,
ẹyọ kan, ẹkún kan.
N kò mọ̀ pé gbèsè ni mò ń kó sí ọ lẹ́nu.
Wọ́n ní eyín ọmọdé ni, yóò ré fúnra rẹ̀.
Ta ló ń sọ fún ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí
pé ilé àháyà ni, kò ní pẹ́ kó jáde?

O ṣíwọ́ ẹ̀rín kí n tó mọ̀ pé o ti ṣíwọ́.
Tíṣà ránṣẹ́ pè mí: o gé ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ jẹ,
o ti ya oníjàngbọ̀n.
Kò sẹ́ni tó wo inú ẹnu tó gé ọmọ jẹ.

Dókítà Ọbájẹmú wò ó.
Ó ní, "Bí a bá fà á lójú ayé rẹ̀, a ó dì í mú.
Ọmọ tí a dì mú kì í gbàgbé ọwọ́.
Ẹ jẹ́ kó sùn."

Sùn.
Ọ̀rọ̀ tí mò ń wí fún ọ lálaalẹ́
ló wọ aṣọ funfun, tó di àlejò.
Mo ní, ta ni yóò jí i?
Ó ní, "Àwa tí a ó máa ṣọ́ èémí rẹ̀."
Mo fọwọ́ síwèé. Orúkọ mi wọ́ bí ejò tí a pa lórí.

Wọ́n ní kí o fẹ́ bàlúùnù.
O wò mí. O fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, apá rẹ já bọ́ lára mi.
Mo ti gbé ọ sùn nígbà àìmọye,
o kò wúwo báyìí rí.

Lórí bẹ́ǹṣì, ọyẹ́ ti gbé òkè Ẹ̀gbẹ́ mì.
Bàbá kan kí mi: "Òkun o."
N kò mọ ibi tí ohùn mi lọ.

Ẹkún tí o fi jí, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.
O lù mí, o bì, ẹ̀jẹ̀ ta sí ìrọ̀rí.
"Ìyá mi dà?" lo ń wí,
orí àyà mi lo sì wà.
Nọ́ọ̀sì ní oògùn ló ń sọ̀rọ̀, yóò lọ.
Ó lọ, nígbà tí oòrùn wọ̀.

Ìyá àgbà ti ṣa òkúta dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà.
Ó gba ìgò, ó ka eyín, ó tún un kà.
"Eyín tó ré là ń jù sórí òrùlé.
Èyí tí a hú ńkọ́?
Òkúta mélòó ló ń bá mẹ́fà lọ?"
Alángbá wà lára ògiri, ó ń mirí.
A gbé ìgò sójú fèrèsé. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, o fi èrìgì rún iṣu sísun,
o bèèrè òmíràn.
Ìyá àgbà ní, "Adìyẹ ò léyín, ó ń gbé òkúta mì."
O rẹ́rìn-ín. O gbàgbé láti fọwọ́ bo ẹnu.
O ń sùn mọ́jú báyìí;
èmi ni mò ń jí, tí mò ń ka èémí.

Àmọ́ bí mo bá ní, "Ó yá, lọ sùn,"
wàá dúró lẹ́bàá ẹní, wàá bi mí pé:
"Oorun tèmi ni, àbí tiwọn?"

Tìrẹ ni, ọmọ mi.
Mo fi iná sílẹ̀.